Bàbá Bùsàrí, Ẹni Tó Ń Fura sí Igi

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá kú. Kùrukùru funfun bo Àpòmù mọ́lẹ̀ débi pé a ò rí òpó iná tó wà níwájú ilé wa. Ìró ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkirè là ń gbọ́, a ò rí ọkọ̀. Ètè gbogbo èèyàn ti bó. Eruku bo ewé ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n fi èlùbọ́ kùn ún. Nínú irú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀, igi máa ń dún. Bí èèyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ Bàbá, á máa gbọ́ tí pákó ń ké kà, kà, bí ẹni ń pa èkùrọ́. Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń po ògì tí mo fẹ́ gbé lọ fún wọn. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá á ti jí, wọ́n á ti máa tẹ́tí sí igi wọn.

Nígbà tí mo wọlé, orí ẹní ìkírun ni mo bá wọn, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti kírun Àsùbáà tán. Wọ́n ti lọ.

Kì í ṣe ẹkún ló kọ́kọ́ wá sí mi lójú. Mo wo fèrèsé, mo wo ife omi tó wà lórí àpótí, mo rìn lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má bá mi wí. Ẹni tó bá bá Bàbá Bùsàrí gbé pẹ́ tó bí mo ṣe bá wọn gbé, kò ní gba ikú gbọ́ láìwo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bàbá Bùsàrí ló bí bàbá mi. Èmi fúnra mi ti ní ọmọ ọmọ, Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Bàbá, ọmọdé ni mí títí wọ́n fi lọ. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni mo padà wá sọ́dọ̀ wọn, mò ń dáná, mò ń gbálẹ̀, mò ń dáhùn ìbéèrè. Ìbéèrè wọn pọ̀.

"Sìdíkátù, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ẹlẹ́ran ni, Bàbá."

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?"

Ẹlẹ́ran ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó ti fi egungun sábẹ́ ẹran nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì máa ń tú ẹran náà wò, mo máa ń bá egungun níbẹ̀. Ìyẹn ló burú nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọn kì í sábà ṣì í.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti ti ilé iṣẹ́ wọn pa, wọn a bu lẹ́búlẹ́bú igi, wọn a wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà, wọn a fi ìgbálẹ̀ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọn a bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n mọ ti ewúrẹ́, wọ́n mọ ti ẹni tó wá tó sì padà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe Bọ̀dá Gàníyù, àbúrò bàbá mi, wọ́n bi í pé kí ló wá wá síbẹ̀ lánàá. Bọ̀dá ní àwọn ò débẹ̀. Bàbá ní, "Bọ́ bàtà rẹ." Wọ́n gbé bàtà náà lé ojú ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, kò yẹ̀. Bọ̀dá Gàníyù, tí wọ́n jẹ́ tíṣà nígbà náà, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sá fún, dúró láìwọ bàtà, wọ́n ní ayùn ni àwọn fẹ́ yá. Bàbá ò pariwo. Wọ́n gbé ayùn fún wọn. Wọ́n wá ní, "Gàníyù, ẹsẹ̀ ò mọ irọ́ pa. Ẹnu nìkan ló lọ sílé ìwé."

Kì í ṣe àga tí gbogbo káfíńtà ń kàn ni Bàbá ń kàn. Àlejò tó bá wọ ilé wa láyé ọjọ́un, á dúró gọ̀ọ́, kò ní mọ èyí tó yẹ kóun jókòó lé. Àpótí kan wà tó dà bí olú tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán, orí rẹ̀ tẹ́, abẹ́ rẹ̀ nílà wẹ́wẹ́wẹ́ bí abẹ́ olú gan-an. Tábìlì kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ gbàràgàdà bí ìdí igi àràbà, ọmọdé lè sá pamọ́ sáàárín rẹ̀. Àga ìrọ̀gbọ̀kú kan sì wà, kòkó tí wọ́n là sí méjì ni, bí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì í, ó ti di hóró inú rẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn a wá láti Ìbàdàn, wọ́n á wá láti Ifẹ̀, wọ́n á rà á, wọ́n á gbé e lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé wa ṣófo. Àpótí ìdáná tí mo ń jókòó lé ló ṣẹ́kù, òun náà sì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Òjò ká wọn mọ́ oko nígbà tí wọ́n ṣì lágbára. Wọ́n sá sáàárín gbòǹgbò igi ńlá kan, wọ́n jókòó, oorun gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n jí, ẹ̀yìn tó ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ fúyẹ́. Ẹlòmíì á yọ̀. Bàbá fura. Wọ́n padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti mọ̀ bóyá igi náà á tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Wọ́n wá já ìtàkùn, wọ́n fi wọn bí gbòǹgbò yẹn ṣe tẹ̀, wọ́n gbé ìtàkùn náà wálé bí ẹni gbé ejò. Láti ìgbà náà, bí èèyàn bá ní Bàbá mọ àga kàn, inú wọn kì í dùn sí i. Wọn a ní, "Igi ti ń jókòó kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ́kọ́ kan àga."

Wọn ò gbẹ́ ohun tó lójú rí. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò sì fi ìyẹn ṣeré. Olówó kan wá, ó fẹ́ àga tí orí kìnnìún máa wà níbi tí èèyàn ń gbé ọwọ́ lé. Bàbá ní àwọn lè fi ewé ẹ̀kọ síbẹ̀. Olówó ní kí lòun fẹ́ fi ewé ẹ̀kọ ṣe, ṣé ẹ̀kọ lòun ń tà ni? Bàbá ní àwọn lè fi ṣírí ìrẹ̀sì, ìyẹn tó bá so tán tó tẹrí ba. Olówó ní kìnnìún lòun fẹ́. Bàbá dìde, wọ́n ká ẹní tí ọkùnrin náà jókòó lé nígbà tó ṣì wà lórí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ohun tí mo bá gbẹ́ ojú fún, lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ á ní kí n wá fún òun lẹ́mìí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i?"

Wọn ò sì lo ìṣó. Èèkàn igi ni wọ́n fi ń so àga wọn pọ̀. Bí wọ́n bá gbé igi kalẹ̀, kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun lára rẹ̀, ihò tí èèkàn máa gbà wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń lu. Wọ́n ní ihò là á kọ́kọ́ mọ̀, bí a ṣe ń mọ ẹnu ọ̀nà kí a tó mọlé. Àti igi fúnra rẹ̀, wọn ò fọkàn tán an. Wọn a gbóòórùn rẹ̀, wọn a kàn án, wọn a fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Igi kan wà tí àwọn káfíńtà tó kù máa ń dù, torí pé ó rọ̀, ó sì ń dán. Bàbá fi í sílẹ̀ lábẹ́ òjò, lábẹ́ oòrùn, títí ó fi là láàárín. Wọ́n pè mí kí n wá wò ó. Inú wọn dùn bí ẹni mú olè. "Èyí tó bá tètè gbà fún ọ, Sìdíkátù, wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Ẹni tó ń fura sí gbogbo ayé, ayé náà á fura sí i. Ó ṣojú mi. Ìgbà kan wà tí àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí ní àwọn ń fẹ́ ibi ìjókòó tí àwọn á máa lò fún àlùwàlá, orúnkún ń dùn wọ́n. Bàbá fi ìrókò gbẹ́ bẹ́ńṣì gbọọrọ kan fún wọn, ó wọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga bíi gbòǹgbò tó ń wá omi. Kò pẹ́ sí i, àgbàlagbà kan jókòó lé e ṣe àlùwàlá, ó dìde, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ló gbé e ṣubú, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìrókò? Kí ló dé tí Bùsàrí máa ń ta ẹní sẹ́nu ọ̀nà bó bá ń ṣiṣẹ́? Kí ló dé tí kì í kan ìṣó? Kí ló wà nínú igi yẹn? Ààfáà àgbà ìgbà náà ránṣẹ́ pè wọ́n, ó ní kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fi sínú bẹ́ńṣì.

Bàbá ò lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pè wọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n lọ, nígbà tí èrò pé. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n gbé ayùn jáde, wọ́n ní kí Bọ̀dá Gàníyù di etí kejì mú. Bọ̀dá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé." Bàbá ní, "Di í mú." Bàbá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ bẹ́ńṣì náà lójú gbogbo ìjọ, bí ẹni ń gé iṣu. Bí wọ́n bá ti gé ọ̀kan, Bàbá á fẹ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò lójú rẹ̀, wọ́n á gbé e fún Ààfáà àgbà, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó." Títí bẹ́ńṣì fi tán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi igi. Òógùn bo Bọ̀dá Gàníyù, wọn ò lè gbójú sókè. Àwọn kan ti ń yọ́ lọ. Ààfáà àgbà ní, "Bùsàrí, ó tó, fi orí jì wá, gbẹ́ òmíràn fún wa." Bàbá há ayùn wọn sábẹ́ apá.

"Ẹ ti rí inú igi. Ta ni yóò la tiyín fún mi wò?"

Wọn ò gbẹ́ òmíràn. Wọn ò fi mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ o, wọ́n ń lọ bí wọ́n ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n títí dòní, orí búlọ́ọ̀kù ni àwọn àgbàlagbà wa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá. Bọ̀dá Gàníyù kò sì di ayùn mú mọ́ láyé wọn.

Fúnmi dé lọ́dún tó ṣáájú ikú Bàbá. Ọmọ Ìkirè ni, onígbàgbọ́ ni, ó kọ́ iṣẹ́ àga ní Èkó, ó padà wálé, ó ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní ewé àti èso lòun náà ń wò kàn àga, àwọn èèyàn sì sọ fún òun pé bàbá kan wà ní Àpòmù tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí òun. Ọ̀rọ̀ tó dùn. Ó gbé dòdò Ìkirè kalẹ̀. Bàbá já ọ̀kan, wọ́n sọ ọ́ sí adìyẹ, wọ́n wá ń wo adìyẹ.

Ọmọbìnrin náà ò bínú. Ó ní, "Bàbá, kí ni adìyẹ wí? Ṣé ó dùn?"

Bàbá ní, "Ó ní ata pọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n wá mú ọ̀kan, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò rí i kí wọ́n jẹ nǹkan àlejò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rí.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá. Ó ń gbá ilẹ̀, ó ń gbé igi, ó sì ń fi fóònù ya fọ́tò. Àga Bàbá tó bá fẹ́ yà nílé iṣẹ́, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ya abẹ́ rẹ̀. Bó bá ti lọ, èmi á yẹ gbogbo ilé wò. Mo sọ fún Bàbá pé ọmọ yìí ń kó iṣẹ́ yín lọ sí Ìkirè lójú wa báyìí.

Wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa wò. Ojú kì í ru ẹrù."

Mo ní, "Fóònù ńkọ́, Bàbá?"

Wọ́n rò ó. Wọ́n ní, "Fóònù ò mọ bí igi ṣe wúwo tó."

Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó kọ́ mi ní ìfura ló wá ń ní kí n má fura mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Bàbá náà.

Nígbà òjò tó kẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan. Igi ọ̀gànwó ni, ìjì ló wó o, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀ nínú. Agbára ti tán lára wọn, wọ́n á gbẹ́ díẹ̀, wọ́n á sùn díẹ̀. Wọ́n ta ẹní sẹ́nu ọ̀nà, èmi nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n máa wọlé gbálẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ewé gígùn, ewé fífẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ó tẹ̀ kọ̀rọ̀ bí ìgbà tí ọmọdé fi ewé borí nínú òjò. Igi àárín ewé náà hàn, ìlà tó ń lọ sí etí rẹ̀ hàn, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ya ewé náà gan-an hàn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Bàbá, mi ò rí èyí tó tó o. Mo máa ń wọlé kí n tó nílò àtigbálẹ̀. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé èyí ò ní jáde nílé wa, ibi yòówù tí wọ́n ti lè wá bẹ̀ wá. Mo bi Bàbá léèrè àga tó máa jẹ́. Wọ́n ń gbẹ́ igi wọn lọ. Fúnmi bi wọ́n títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n ní, "Ẹni tó máa lò ó á mọ̀."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n gbé àwọn ewé náà jáde fúnra wọn, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́, lọ́wọ́ ìta gan-an. Wọn ò fi nǹkan bò wọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n kú, gbogbo nǹkan yá kíákíá, bí ó ṣe yẹ kó yá. Wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti ń wẹ òkú nínú ilé, a fẹ́ sin wọ́n kí ìrun Alásàárì tó pé. Bí a ṣe ń sìnkú níbí, bí òkú bá ti wọ ilẹ̀, pákó la máa ń tò lé e lórí kí iyẹ̀pẹ̀ má bà á lára. Àwọn géńdé ilé ní àwọn ń lọ ra pákó ní sọ́mìlì tí wọ́n ti ń la igi. Bọ̀dá Gàníyù, tí wọ́n ti di àgbàlagbà báyìí, ní, "Ilé káfíńtà la wà, ẹ wá ń wá pákó lọ síta? Ẹ lọ kó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn."

Àwa obìnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Mo rí wọn tí wọ́n gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé èjìká, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Mi ò tíì lanu tí mo gbọ́ igbe. Fúnmi ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìkirè, gèlè rẹ̀ ti tú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Kì í ṣe ìyẹn! Iṣẹ́ Bàbá ni!"

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé igi ní, "Àǹtí, gbogbo ohun tó wà níbí, iṣẹ́ Bàbá ni. Èmi gan-an, iṣẹ́ Bàbá ni mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Fúnmi sáré wá bá mi. "Màmá, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Mọ́tò mi wà níta. Kí ẹ tó kírun sí wọn lára, mo ti gbé pákó míì dé."

Bọ̀dá Gàníyù gbọ́. Wọ́n ní, "Wàá wá fi èyí ṣe kí ni? Ṣé Èkó lò ń gbé e lọ?"

Ọmọbìnrin náà wo ọ̀nà ibi tí mọ́tò rẹ̀ wà. Mo rí ibi tó wò. Mo fi pamọ́ sínú.

Ààfáà tó fẹ́ kírun, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó jáde wá wo igi náà. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, òkú ò gbọdọ̀ dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n pákó ọlọ́nà yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Pákó lásán là ń lò."

Ariwo sọ. Ẹni tó ní kí wọ́n lọ sọ́mìlì, ẹni tó ní àsìkò ń lọ. Bọ̀dá Gàníyù wá kọjú sí mi. "Sìdíkátù, ìwọ lò ń bá wọn gbé. Kí ni Bàbá ní kí á fi igi yìí ṣe?"

Gbogbo ojú wá sí ara mi. Ohun tí mo fẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ewé yẹn wà nílé, kí n máa rí i. Bí mo bá ti ní "Bàbá ní kí a tọ́jú wọn," ó ti parí. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí Bàbá fẹ́. Mo wo Bọ̀dá Gàníyù, mo rántí òógùn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ yìí wọlẹ̀ kí ojú lè yé tì wọ́n? Mo wo Ààfáà, mo ní ẹnu àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ló jogún. Mo wo Fúnmi. Mo wá wo fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń fi aṣọ funfun wé Bàbá. Ta ló gbé igi yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó bá ń wá pákó máa kọ́kọ́ rí i? Bàbá fúnra wọn ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn nínú ọgbà. Mo ní kí wọ́n gbé igi náà sílẹ̀. Mo pe Fúnmi.

"Ìwọ tó mọ àga, wá. Fọwọ́ kàn án. Àga wo ni?"

Mo fẹ́ gbọ́ irọ́ tó máa pa. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó ń fọwọ́ wá etí ewé náà, ó yí i, ó tún un yí. Ó lọ sí èkejì. Ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wá rọra dúró.

"Màmá, kò níhò."

"Kí lo wí?"

"Kò sí ihò èèkàn kankan lára rẹ̀. Kò sí lára ìyókù náà. Bàbá kì í gbẹ́ nǹkan kí wọ́n má kọ́kọ́ lu ihò." Ó gbé ewé méjì, ó fi etí ọ̀kan lé etí èkejì. Ó gùn ún déédéé, bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara wọn. "Wọn ò fẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́ nǹkan kan, mà. Wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n tò ó ni. Kì í ṣe àga."

Ó bú sẹ́kún. Òun ló fẹ́ kí igi náà kù jù, òun ló sì sọ ọ̀rọ̀ tó máa rì í. Bó bá parọ́, ta ló máa mọ̀? Mo ti múra sílẹ̀ láti gba irọ́ náà gbọ́, kí n tọ́jú ewé mi.

Ààfáà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ewé ni?"

Mo ní, "Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, Ààfáà. Kò lójú, kò lẹ́nu."

Ó fọwọ́ kan igi náà. Ó ní, "Ewé ò ṣẹ ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ ká lọ kírun."

Mo ní kí wọ́n gbé wọn lọ. Bọ̀dá Gàníyù ló wọ inú sàréè fúnra wọn, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n sì gba ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó lé Bàbá lórí. Ọkùnrin tó gbẹ́ ilẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó dẹtí, ó ní òun ò gbọ́ kí ẹyọ erùpẹ̀ kan jò wọlé.

Títí di báyìí, mi ò lè búra pé Bàbá gbẹ́ ẹ fún ara wọn. Ó lè jẹ́ pé ara wọn ti rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n gbàgbé ihò. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Bàbá tí mo mọ̀ ò jẹ́ jẹ́ kí ẹlòmíì yan pákó tó máa bo àwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n á fura sí pákó náà.

Fúnmi dúró títí di ìrọ̀lẹ́, ó bá wa fọ abọ́. Mo ń retí kó bèèrè nǹkan, ayùn, irin, àpótí ìdáná mi. Mo ti di èsì rẹ̀ sẹ́nu. Kò bèèrè. Ìgbà tó fẹ́ wọ mọ́tò ló ní, "Màmá, ọ̀gànwó yẹn, ṣé gbogbo rẹ̀ náà ló tán síbẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Mo mọ̀. Ìdajì rẹ̀ wà lóko wa ní Ararọ̀mí-Òwu, Bàbá fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, èmi nìkan ni wọ́n mú débẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lé e, ikán á bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ọmọ Bàbá tó lè fi í ṣe nǹkan ju igi ìdáná lọ. Mo fi gbogbo òru rò ó.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa, mo pe Fúnmi lórí fóònù, mo ní kó wọ aṣọ iṣẹ́, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé mi dé ibi tí ọ̀nà mọ́tò tán ní Ararọ̀mí-Òwu. Mo mú àdá mi, mo ní kó máa lọ níwájú.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀nà. Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo máa ṣáájú?"

Mo ní, "Máa lọ. Bí o bá fẹ́ ṣìnà, màá sọ fún ọ."